Odi Tí Wọ́n Mọ Yí Kọ̀ǹpútà Ká



Gbogbo wa la mọ Àkàbà Ìdènà. Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n sì fi ẹnubodè náà ṣọ́ ọ̀nà àbáwọlé. Lónìí, a óò sọ ìtàn odi mìíràn, èyí tí wọ́n mọ yí kọ̀ǹpútà ká. Odi yìí kì í lé ọmọ ogun sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ jáde ni ó ń dá dúró.

Ẹ rántí rédíò yín. Bí mànàmáná bá kọ, rédíò a pariwo. Bí alùpùpù bá kọjá nítòsí, nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ ọ nínú rédíò. Kí ló fà á? Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń tàn tí ó sì ń kú kíákíá, ìgbì kan ń jáde níbẹ̀. Ojú wa kò rí ìgbì yìí, ṣùgbọ́n rédíò ń gbọ́ ọ.

Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ń ṣírò, tí ń kọ̀wé, tí ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Iná ń tàn, ó ń kú nínú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Nítorí náà, òun pẹ̀lú ń ké. Ní ọdún 1975, ní Amẹ́ríkà, Steve Dompier gbé rédíò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà Altair rẹ̀. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà náà, rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin. Kò sí okùn kankan láàárín àwọn méjèèjì!

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè rí ọ̀rọ̀ fà yọ nínú ariwo yìí. Ní ọdún 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ tí ń sọ ìwé di àdììtú. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Bell kan rí i pé nígbàkígbà tí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ lórí lẹ́tà kan, àmì kan ń fò lójú ẹ̀rọ mìíràn tí ó jìnnà sí i nínú yàrá kan náà. Àwọn ọ̀gá ogun kò gbà á gbọ́. Ni àwọn ará Bell bá lọ jókòó sí ilé kan ní òdìkejì òpópónà, ní New York, ní ìwọ̀n mítà 24 sí ilé-iṣẹ́ àdììtú ogun. Wọ́n fi wákàtí kan gba ìgbì náà sílẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ti ka nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rọ̀ àṣírí náà. Wọn kò wọlé, wọn kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bell ṣe ẹ̀rọ tí a bò, ṣùgbọ́n ooru pọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣòro. Àwọn ọmọ ogun kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí a kàn máa ṣọ́ agbègbè tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 30 yí ibi iṣẹ́ ká. Nígbà tí ogun parí, wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1951, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà tún ṣàwárí rẹ̀ bí ohun tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ iṣẹ́ dídènà ìgbì yìí ní TEMPEST.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ odi náà? Láti ọdún 1836 ni Michael Faraday ti fi hàn ní Ìlú Ọba pé àpótí irin lè dá iná mànàmáná dúró. Nítorí náà, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sínú àpótí irin. Níbi tí ìdérí ti pàdé àpótí, wọ́n fi àwọ̀n irin dí i. Wọ́n na wáyà tínrín-tínrín sí ojú dígí rẹ̀. Wọ́n fi asẹ́ sí okùn iná, bí a ti ń fi asẹ́ sẹ́ ògì: iná ń wọlé, ariwo kò jáde. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Wang wà lára àwọn tí ń ta irú rẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n wúwo, wọ́n sì wọ́n gan-an.

Ní ọdún 1985, Wim van Eck, ará Netherlands, fi hàn pé tẹlifíṣọ̀n lásán pẹ̀lú ẹ̀yà díẹ̀ tí kò wọ́n lè gbé ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn jáde láti òkèèrè. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó lè ṣe é. Lónìí, àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ ni wọ́n ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà onírin ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tuntun pẹ̀lú ń ké.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ihò kan ṣoṣo tó láti ba odi jẹ́. Àkàbà Ìdènà wà níbẹ̀ títí dòní, síbẹ̀ ogun Dàhómì kó Kétu ní ọdún 1886. Odi nìkan kò tó. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gba owó, ẹ má ṣe ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín sókè lọ́jà. Ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó pè yín tí ẹ kò mọ̀. Kò sí àpótí irin tí ó lè dí ẹnu wa fún wa.

Ẹ jọ dáhùn:
1. Kí ló ń mú kí rédíò pariwo bí mànàmáná bá kọ?
2. Ibi mélòó ni wọ́n dí lára kọ̀ǹpútà náà? Ẹ dárúkọ wọn.
3. Ihò wo ni ó wà lára odi tiwa nílé?