Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Chile

Ní ilé oúnjẹ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ìlú Santa Fe, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àlejò máa ń ṣì lò ni “chile”. Ìtumọ̀ méjì ni ó ní: èkíní ni ata fúnra rẹ̀, tí ó gùn gbọọrọ, èkejì ni ọbẹ̀ tí wọ́n fi ata náà sè, tí wọ́n ń dà sórí oúnjẹ. Ata kan náà ni ó ń di aláwọ̀ ewé àti pupa, nítorí pé èyí tí wọ́n ká kí ó tó pọ́n, tí wọ́n sun, tí wọ́n sì bó ni aláwọ̀ ewé, nígbà tí èyí tí ó pọ́n, tí wọ́n sá gbẹ, jẹ́ pupa. Bí agbáwo bá béèrè èyí tí àlejò fẹ́, ẹni tí ó fẹ́ méjèèjì yóò dáhùn pé “Kérésìmesì”.

Àpẹẹrẹ ìlò: “Wọ́n da chile pupa sórí ẹyin náà.”

Ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò máa ń ṣì fi rọ́pò “chile” ni “chili”, èyí tí í ṣe ọbẹ̀ ẹran tí ìpínlẹ̀ Texas lókìkí fún. Ata tàbí ọbẹ̀ ata ni chile, ọbẹ̀ ẹran ni chili. Kí òǹkàwé má ṣe pa wọ́n pọ̀.