Roc'h Trédudon: òpó tẹlifíṣọ̀n orí òkè ní Bretagne

Roc'h Trédudon jẹ́ òkè olókùúta kan ní Bretagne, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ó wà ní Plounéour-Ménez, ní ẹkùn Finistère, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Monts d'Arrée. Òkè náà kò ga púpọ̀, kò tó 400 mítà. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni òpó irin tó wà lórí rẹ̀, tó ń fi tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ránṣẹ́ sílé àwọn èèyàn. Òpó yìí ga ju 200 mítà lọ. Wáyà irin tó nípọn ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ yíká, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e ṣubú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí òkè?

Ìgbì tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti rédíò FM máa ń lọ tààrà ni, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti gbé rédíò lọ́wọ́ gba ẹ̀yìn òkè kọjá mọ̀ ọ́n: ohùn á máa já. Yàtọ̀ sí èyí, ayé rí roboto, ilẹ̀ tó jìnnà ń fara pa mọ́ fún wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wà ní ṣóńṣó òpó 200 mítà á rí ilẹ̀ dé bíi 50 kìlómítà. Ẹ gbé òpó kan náà sórí òkè 400 mítà, ojú á dé bíi 87 kìlómítà. Ilẹ̀ tó ká á di ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí òpó kan ṣoṣo fi lè sin ẹkùn ńlá.

Òru tí òpó wó

Ní òru 13 mọ́jú 14 oṣù kejì ọdún 1974, àdó olóró bú gbàù níbẹ̀, òpó náà sì wó lulẹ̀. Ìkéde jáde lórúkọ FLB, ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ kí Bretagne kúrò lábẹ́ Paris. Nígbà yẹn, ORTF tó jẹ́ ti ìjọba ló ń darí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ará Bretagne sì ń ráhùn pé a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ èdè Breton níbẹ̀.

Àdó náà kò ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀gá kan ní ibùdó náà dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀hún, ó sì kú. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kò ṣiṣẹ́ ní àìmọye ilé ní ìwọ̀-oòrùn Bretagne. Ẹ wò ó: ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń sọ Breton pọ̀ sí jù. Wọ́n ní àwọn ń jà fún wọn, àwọn náà ni ojú wọn ṣókùnkùn.

Lónìí

Wọ́n tún òpó náà kọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Igi kan kì í dágbó ṣe, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ibi tí òpó kan bá ti ń dá sin gbogbo ìlú, ọjọ́ tó bá wó, gbogbo ìlú ló kàn.