Imí Ẹṣin Ló Kọ́kọ́ Hu Ata ní Lọ́ńdọ̀nù

Ata kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní Yúróòpù. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kí Columbus àti àwọn èèyàn rẹ̀ tó kó o wá sí Sípéènì ní 1493. Nígbà tó fi máa di 1542, Leonhart Fuchs, oníṣègùn ará Jámánì, ti fi àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ewé àti egbò tó tẹ̀ jáde ní Basel.

Òtútù ni wàhálà. Bí ilẹ̀ kò bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kóró ata kì í tètè hù. Bí ìrì dídì bá sì sẹ̀ lé e lórí, ó kú nìyẹn.

John Gerard, onígbàjámọ̀ tó tún ń ṣiṣẹ́ abẹ, tó sì ní ọgbà ní Holborn ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i sínú ìwé rẹ̀ ní 1597. Orí ebè imí ẹṣin, tó ń gbóná bó ṣe ń jẹrà, ni wọ́n ń gbin kóró náà sí. Bó bá ti yọ ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á hú u, wọ́n á tún un gbìn sínú ìkòkò, kí wọ́n lè máa gbé e tẹ̀ lé oòrùn kiri. Bí òtútù òru bá ti ń bọ̀, ó di inú ilé. Síbẹ̀, Gerard ráhùn pé ata náà kì í pọ́n dáadáa.

Lónìí, iná mànàmáná ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ imí ẹṣin. Ẹni tó bá fẹ́ ká rodo ní Lọ́ńdọ̀nù á ti gbin kóró rẹ̀ sínú ife létí fèrèsé láti oṣù kejì ọdún, kí èso lè gbó kí òtútù tó padà dé.