Ajé Gúnlẹ̀: Orúkọ Àdúgbò àti Ẹni Tí A Ó Dà

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní Èkó kò ní àfojúsùn, pé òun ni ó fà á tí òṣì fi pọ̀ níbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí a bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àwọn ará ibìkan ń retí láti dà, kí a kọ́kọ́ wo orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀.

Kò sí 'yóò' nínú 'Ajé gúnlẹ̀', bẹ́ẹ̀ ni kò sí 'kí' tí a fi ń tọrọ nǹkan. Ohun tí a ń retí ni a sọ bí ẹni pé ó ti ṣẹ. Báyìí náà ni tálákà ṣe ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọlámidé nígbà tí ọlá kò tíì yọjú rárá. Ajégúnlẹ̀ mìíràn wà, ọ̀kan wà ní ọ̀nà Ìkorodú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni a mọ̀ pé ó ń gúnlẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ Àpápá yìí sì ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí tòsí rẹ̀ ní tòótọ́.

Ní 1921 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ èbúté Àpápá. Ní 1926 ni wọ́n parí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Iṣẹ́ wọ́ọ̀fù fa ènìyàn wá: Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Úròbò, Ìgbò, Hausa. Àwọn òyìnbó ń gbé inú ọgbà ní Àpápá. Àwọn tí ń rẹrù fún wọn ń gbé Ajégúnlẹ̀.

Hazel Markus àti Paula Nurius, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1986 pé ẹni tí a ń retí láti dà, àti ẹni tí a ń bẹ̀rù pé a lè dà, wà lára ohun tí ń darí ìwà wa. Wọ́n ní inú ohun tí a rí láyìíká wa, àti lára àwọn tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, ni a ti ń fa àwòrán ẹni náà yọ. Ta wá ni ọmọ Ajégúnlẹ̀ ń rí? Ní ìgbà kan, bàbá tí ń gba owó oṣù ní èbúté ni. Kọ̀ǹténà dé, ẹ̀rọ sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ orí tí ń rẹrù. Ní 2006 tí ìjọba fi ọ̀pọ̀ ibi ìgúnlẹ̀ Àpápá lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwòkọ́ṣe tí ó wà nínú ilé pàápàá lọ.

Àfojúsùn kò kú síbẹ̀. Ó ṣí lọ sórí bọ́ọ̀lù àti orin ni. Daddy Showkey àti ijó galala mú orúkọ Ajégúnlẹ̀ dé ibi gbogbo ní àwọn ọdún 1990. Pápá bọ́ọ̀lù wọn ni wọ́n sì ń pè ní Maracana, orúkọ pápá ńlá tí wọ́n ṣí ní Rio de Janeiro ní 1950. Wọn kò ní 'yóò dà bí Maracana'. Gírámà àtijọ́ náà nìyẹn! Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Norway ní 2007. Ní 2020 ó dé Manchester United. Àwọn ọmọdé rí ẹni tí wọ́n lè nàka sí.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé, lójú tèmi, ó rọrùn fún ọmọ Ajégúnlẹ̀ láti fojú inú rí ara rẹ̀ ní Norway ju kí ó rí ara rẹ̀ ní ipò ọ̀gá ní èbúté tí ó wà ní tòsí ilé wọn.