Ta Ni Ó Ni Ìwé? Àwọn Atẹ̀wé àti Òǹtàwé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Láyé Àtijọ́

Lóde òní, bí a bá bèèrè ẹni tí ó ni ìwé kan, òǹkọ̀wé ni ọkàn ènìyàn yóò kọ́kọ́ lọ bá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1557 títí di 1710. Atẹ̀wé àti òǹtàwé ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí oníwèé. Òǹkọ̀wé kò ju ẹni tí a sanwó iṣẹ́ fún lọ.

Ọdún 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Westminster. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ òǹtàwé sì pàtẹ sí àyíká ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul. Atẹ̀wé ni ó ń to lẹ́tà olójé, tí ó ń fi tàdáwà kùn ún, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ṣùgbọ́n òǹtàwé ni ó sábà máa ń ra ìwé àfọwọ́kọ, tí ó ń san owó bébà, tí èrè tàbí àdánù sì ń jẹ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 1557, Ọbabìnrin Mary àti Philip ọkọ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn, Stationers' Company, ní ìwé àṣẹ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti forúkọ ìwé kan sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, tí ó sì san owó díẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìfẹ́ òwò nìkan kọ́ ni ó mú ọba ṣe èyí. Ìjọba ń bẹ̀rù ìwé ọ̀tẹ̀, ẹgbẹ́ sì ń bẹ̀rù àwọn tí ó lè gba òwò mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹgbẹ́ gba agbára láti wọ ilé onílé, kí wọ́n sì kó ìwé tí kò ní àṣẹ. Àṣẹ ọdún 1586 tún fi ìwé títẹ̀ mọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Oxford àti Cambridge. Ewu wà lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ní ọdún 1664, wọ́n pa atẹ̀wé kan, John Twyn, nítorí ìwé tí ó sọ pé ará ìlú lè dìde sí ọba.

Kí wá ni èrè òǹkọ̀wé? Ní ọdún 1667, John Milton ta *Paradise Lost* fún Samuel Simmons ní pọ́n-ùn 5, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò tún gba 5 bí ẹ̀dà 1,300 bá tà tán. Pọ́n-ùn 10 péré ni ó gbà kí ó tó kú ní 1674. Ní 1680, opó rẹ̀ gba pọ́n-ùn 8, ó sì yọwọ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ìwé yìí bọ́ sọ́wọ́ òǹtàwé Jacob Tonson, ó sì jèrè rẹpẹtẹ lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Milton da omi, Tonson ni ó tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní 1695, òfin tí ó gbé agbára ẹgbẹ́ ró kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn òǹtàwé sáré tọ àwọn aṣòfin lọ, wọ́n sì fi ìyà òǹkọ̀wé ṣe àwíjàre. Àwíjàre náà di òótọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òfin ọdún 1710, láyé Ọbabìnrin Anne, fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí ìwé tuntun fún ọdún 14, àti 14 mìíràn bí ó bá ṣì wà láàyè; ìwé àtijọ́ gba ọdún 21. Síbẹ̀, àwọn òǹtàwé Lọ́ńdọ̀nù ń jiyàn pé ẹ̀tọ́ tí àwọn ti rà kò lópin. Alexander Donaldson, òǹtàwé ará Edinburgh tí ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tà ní ẹ̀dínwó, bá wọn ṣe ẹjọ́ náà títí dé Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọlọ́lá, ó sì borí ní 1774.

Báyìí ni òfin tí àwọn òǹtàwé wá fún àpò ara wọn ṣe di ọ̀pá ìtìlẹ́yìn òǹkọ̀wé, tí ìwé àtijọ́ sì di ti gbogbo ayé.