Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ìgbàwọlé sí Yunifásítì Àbújá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì tí ènìyàn lè ti ilé kẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí yunifásítì yòókù kò lè gbà lè rí àyè. Ní 1984, ìjọba ológun tì í pa, nítorí àìtó owó.

Nígbà tí a dá Yunifásítì Àbújá sílẹ̀ ní 1988, òun ni a gbé ẹrù náà lé lórí: kí ó kọ́ àwọn tó wà nínú ọgbà àti àwọn tó wà lókèèrè. Inú ọgbà kékeré kan ní Gwagwalada ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1990, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tí a fún un lé ní 11,000 hẹ́kítà. Ilẹ̀ pọ̀, owó ìkọ́lé ni kò tó.

Ní 2012, a dá ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ìṣègùn ẹranko, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ dúró níbẹ̀, nítorí pé wọn kò tíì dé ojú ìwọ̀n. Àwọn tó ti wọlé ni ìyà náà jẹ. Nítorí náà, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí Àjọ NUC ń bù fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a gbà, tí kò rí olùkọ́ àti yàrá ìwádìí, kò tíì wọlé.