Ooru tí ń pa kókó kékeré inú ẹ̀dọ̀: ohun tó yẹ ká mọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀

Tá a bá gbọ́ pé ẹnì kan ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni pé, "Ó ti parí." A ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn tá a ti fojú rí, ikùn wọn ti wú, ojú wọn ti dà bí ìyeyè, wọ́n sì ti rù kan eegun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n tí kókó náà bá ṣì kéré, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn dókítà lè fi ooru pa á láì la ikùn. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹni tó wúlò fún, ewu inú rẹ̀, àti ohun tá a lè ṣe kí kókó tó tóbi.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Lórí ìwé ilé ìwòsàn, ẹ lè rí ọ̀rọ̀ bíi ablation thermique, radiofréquence tàbí micro-ondes. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ: wọ́n fẹ́ fi ooru pa kókó níbi tó wà, láì gé e jáde.

Wọ́n á kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹ̀rora, tàbí kí wọ́n mú un sùn. Lẹ́yìn náà, dókítà á ki abẹ́rẹ́ gígùn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ gba awọ ara wọlé. Á máa wo abẹ́rẹ́ náà lójú ẹ̀rọ échographie tàbí scanner, títí orí rẹ̀ á fi wọ àárín kókó. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó tan iná ẹ̀rọ. Nínú radiofréquence, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ kíákíá ló ń mú kí ẹran ara tó yí abẹ́rẹ́ ká gbóná. Nínú micro-ondes, irú ìgbì tí àwọn kan fi ń mú oúnjẹ gbóná nílé ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì sábà máa ń yá jù.

Ooru náà máa ń wà láàárín 60 sí 100 dígírì. Tó bá ti kọjá 60, kókó náà á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo funfun ẹyin tá a sè: tó bá ti dì, kò lè padà di omi mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí fún kókó yẹn. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 sí 30 lọ lójú ibì kan. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kí ooru kọjá etí kókó díẹ̀, ìdajì centimètre sí centimètre kan, bí ìgbà téèyàn hú koríko tó tún wa ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí gbòǹgbò má bàa ṣẹ́ kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé ìgò omi gbígbóná lórí ikùn tàbí àgbo gbígbóná lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ooru orí awọ kì í dé inú ẹ̀dọ̀. Ó lè jó èèyàn lára, kókó á sì wà níbi tó wà.

Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá o. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà ilẹ̀ Japan ń fi abẹ́rẹ́ fa ọtí líle sínú kókó ẹ̀dọ̀ láti pa á. Ní 1990, àwọn dókítà ní Ítálì àti Amẹ́ríkà, tí kálukú ń dá ṣe tiẹ̀, kọ̀wé nípa radiofréquence. Micro-ondes tẹ̀ lé e láti Japan ní 1994.

Ta ló wúlò fún?

Kókó tí kò ju centimètre 3 lọ, ìyẹn bí awẹ́ obì kan, tí kò sì ju mẹ́ta lọ nínú ẹ̀dọ̀, ló bá ìtọ́jú yìí mu jù. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Àwọn dókítà Ítálì tẹ̀ lé àwọn aláìsàn 218 tí kókó wọn kò ju centimètre 2 lọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú 100, kókó àwọn tó lé ní 97 ló kú pátápátá. Lára àwọn tí ara wọn ì bá gba iṣẹ́ abẹ, wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 68 nínú 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Àwọn kan wà tí kò ní ṣiṣẹ́ fún. Bí kókó bá ti tóbi jù, bó bá ti wọ iṣan ńlá ẹ̀dọ̀, bó bá ti tàn dé ibòmíì, tàbí bí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ bá ti rẹ̀ débi pé omi kún ikùn, àwọn dókítà á wá ọ̀nà mìíràn. Bákan náà, bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn á máa tu ibẹ̀ lójú. Ẹni tó ń bu omi tútù sínú ìkòkò lórí iná mọ̀ pé kì í tètè hó.

Ṣé ó léwu?

Kò sí ìtọ́jú tí kò ní tiẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya, ibẹ̀ lè gba ọyún, ooru sì lè kan ìfun tàbí àpò òróǹro tó bá sún mọ́ ọn. Ní 2003, àwọn dókítà Ítálì gbé ìròyìn àwọn aláìsàn 2,320 jáde: mẹ́fà ló kú, ìṣòro ńlá sì bá nǹkan bíi méjì nínú 100. Ara gbígbóná díẹ̀ àti àárẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ibà líle bá mú èèyàn, tí ikùn ń ro ó gan-an, tàbí tó ń dákú, kó padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun kan tún wà tá ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ooru pa kókó, kò wo ẹ̀dọ̀ tó hù ú. Kókó mìíràn lè yọ lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí aláìsàn padà wá ṣe scanner lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, kó sì máa wá lóòrèkóòrè lẹ́yìn ìyẹn.

Kí ló dé tá a fi ń pẹ́ kí a tó rí i?

Kókó kékeré inú ẹ̀dọ̀ kì í dun èèyàn. Ẹni tó ní i ń lọ sóko, ó ń lọ sọ́jà, ó ń jẹun. Nígbà tí ikùn bá fi máa wú, àkókò ooru ti sábà kọjá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 wo àwọn aláìsàn tó lé ní 1,200 ní Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní gúúsù Sàhárà. Ìdajì wọn kò lò ju oṣù méjì àbọ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n mọ àìsàn náà. Mẹ́ta péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú kankan gbà fún jẹjẹrẹ náà. Ìdajì wọn kò tíì ju ọmọ ọdún 46 lọ, ìyẹn àwọn tó ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń tètè rí i tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, àwọn aláìsàn ń lò tó nǹkan bí oṣù mọ́kànlá.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀rọ ooru ò wúlò fún ẹni tí wọn ò tètè rí kókó rẹ̀.

Ohun tá a lè ṣe láti ìsinsìnyí

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún hépatite B. AgHBs ni wọ́n ń kọ sórí ìwé. Àìsàn yìí ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ní 2022, mílíọ̀nù 254 èèyàn ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láyé, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Bí ìwé bá ní "positif", kì í ṣe ìdájọ́ ikú, kì í sì í ṣe àsasí. Dókítà lè fún yín ní oògùn bíi ténofovir, tó ń dín ewu jẹjẹrẹ kù.

Bí dókítà bá sọ pé ẹ wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́, pàápàá bí wọ́n bá kọ cirrhose sórí ìwé yín, ẹ máa ṣe échographie ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, bára ò tiẹ̀ dùn yín rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Ẹ̀rọ yìí ló lè rí kókó nígbà tó ṣì rí bí èkùrọ́.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ. Ní Benin, ó wà nínú èyí tí wọ́n ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ọmọ gba èyí àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí.

Ẹ ṣọ́ àgbàdo àti ẹ̀pà. Èyí tó ti bu, tí nǹkan bí òwú aláwọ̀ ewé ti hù lára rẹ̀, ní oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxine. Sísè kì í pa á. Àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó tó 480 wò ní abúlé 16 ní Benin àti Togo, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2002 pé àmì oró yìí wà lára 99 nínú 100. Ẹ sá àgbàdo kó gbẹ dáadáa, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ẹ sì ṣa ẹ̀pà tó bà jẹ́ kúrò kí ẹ tó fi ṣe kúlíkúlí. Ẹ dín sodabi kù pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá rí kókó, ẹ má ṣe jókòó sílé. Láti centre de santé, wọ́n lè kọ̀wé rán yín sí CHUD-OP ní Àjàṣẹ́, tàbí sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ ní CNHU ní Cotonou. Ẹ bi wọ́n léèrè: Báwo ni kókó náà ṣe tóbi tó? Mélòó ni? Ṣé agbára ẹ̀dọ̀ mi ṣì gbé e? Ṣé ooru lè bá a mu, ibo ni wọ́n ti ń ṣe é, èló sì ni? Ẹ mú gbogbo ìwé àyẹ̀wò yín lọ, ẹ sì mú ọmọ tàbí àbúrò kan dání tí á bá yín gbọ́ ohun tí dókítà sọ.